Àlàájì Ṣàmsúdéènì àti Pẹ́pẹ́yẹ Rẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Tí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Àlàájì Ṣàmsúdéènì jẹ́, ẹ wo orí rẹ̀. Onígbàjámọ̀ kan náà ló ń fá a láti ọdún 1991, ojú onígbàjámọ̀ ọ̀hún sì ti ṣú débi pé ọwọ́ ló fi ń wá ibi tí orí wà kó tó gbé abẹ lé e. Àlàájì ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń gbé orí tó dà bí àwòrán ilẹ̀ ayé jáde sí Rye Lane, òpópónà ọjà ní Peckham, London, á sì máa bi àwọn èèyàn bóyá wọ́n rí bí gígẹ̀ náà ṣe mọ́.

Bó ṣe ṣe iṣẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì rẹ̀ náà nìyẹn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wà lójú ọ̀nà kan ṣoṣo, láti Lewisham gba Peckham kọjá lọ sí Kennington, títí àwọn kòtò ojú títì fi mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Gáréèjì mìíràn kọ̀wé sí i nígbà kan pé àwọn máa fi àádọ́ta pẹ́nsì lé owó wákàtí rẹ̀. Àlàájì ka lẹ́tà náà tán, ó gbé ife tíì lé e lórí.

"Kí n wá fi Kennington sílẹ̀ fún ta ni?" ló wí, bíi pé Kennington ni wọ́n sin ìwọ́ rẹ̀ sí.

Irú ọkùnrin yìí ni bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà wá já lé lórí.

Kóyọ̀dé ló fà á. Fúláàtì òkè orí Àlàájì gan-an ni Kóyọ̀dé àti màmá rẹ̀, Tòún, ń gbé. Ọmọ náà ga. Ó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó ti ń bẹ̀rẹ̀ kó tó kọjá lábẹ́ iná tráfíìkì. Ojoojúmọ́ ló ń na bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ nínú ilé, gbì, gbì, gbì, tí ẹfun àjà sì ń bọ́ sínú ẹ̀kọ Àlàájì. Ìgbà ogójì ni Àlàájì gun àtẹ̀gùn lọ ṣe ẹjọ́. Nígbà kọkànlélógójì, Tòún ní, "Àlàájì, ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ wá wò ó ná, kẹ́ ẹ tó bú u." Wọ́n jọ lọ sí pápá ẹ̀yìn ilé. Kóyọ̀dé kẹ̀yìn sí apẹ̀rẹ̀, ó ju bọ́ọ̀lù gba orí ara rẹ̀ kọjá, ó wọlé láìkan irin. Láti ọjọ́ náà, tí ilẹ̀ òkè bá dákẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, Àlàájì á fi igi ìgbálẹ̀ kan àjà: "Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

Nígbà tó pé ọdún méjìdínlógún, yunifásítì kan tí wọ́n ń pè ní Dunmore mú un. Ìlú tí màlúù pọ̀ ju èèyàn lọ ni Dunmore wà, pẹ́pẹ́yẹ sì ni àmì wọn. Wọ́n fún Kóyọ̀dé ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, oúnjẹ ọ̀fẹ́, àti bẹ́ẹ̀dì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ lẹ́yìn. Àlàájì ra fìlà Dunmore, aláwọ̀ àlùkò, tí pẹ́pẹ́yẹ ńlá kan ń rẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀. Ó dé e lọ kírun Jímọ̀. Lèmọ́mù wò ó títí, kò rí nǹkan kan sọ, nítorí ẹran halal ni pẹ́pẹ́yẹ.

Ìgbà tí London bá ń sùn ni wọ́n máa ń gbá bọ́ọ̀lù yìí ní Amẹ́ríkà. Hameedah, ọmọ Àlàájì, ló ń bá a gbà á sílẹ̀ kó lè wò ó láago mẹ́wàá àárọ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ iye tí wọ́n gbá fún un kó tó wò ó. Gbogbo Rye Lane ló ń pa òfin náà mọ́. Tí fìlà àlùkò bá yọ níwájú, àwọn tó ń ta fóònù á da gbogbo ojú fóònù délẹ̀. Bánjí tó ń ta ẹja á ki ẹja bọ ẹnu ara rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà jábọ́.

Kí ìdíje kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, Àlàájì máa ń fi voice note ránṣẹ́ sí Kóyọ̀dé. Oríkì ni, òun fúnra rẹ̀ ló hun ún:

Àlàó, ọmọ Tòún,
Gíga tí ń fi àtàrí kí àjà,
Ó na ọwọ́, apẹ̀rẹ̀ tẹrí ba;
Ó fò sókè, adájọ́ gbàgbé fèrè.
Ọmọ Pẹ́pẹ́yẹ ará Dunmore,
Pẹ́pẹ́yẹ tó na Ìkookò, tó gba oúnjẹ ẹnu rẹ̀!

Ìkookò ni àmì Yunifásítì Brackett, àwọn tó ti ń bá Dunmore ṣọ̀tá láti ọgọ́rùn-ún ọdún. Kóyọ̀dé á ki earphone bọ etí, á gbọ́ ọ tán, á wá wọ pápá bí ẹni tí wọ́n fún ní ìyẹ́.

Àfi bí Amẹ́ríkà ṣe yí òfin padà. Wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lè gba owó, ẹni tí yunifásítì rẹ̀ kò bá sì tẹ́ lọ́rùn lè kó lọ sí òmíràn lọ́dọọdún, kó sì máa gbá lọ. Lọ́dún àkọ́kọ́, Àlàájì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá tó ń gbá fún Dunmore tán ni, ó ti sọ gbogbo wọn lórúkọ Yorùbá, torí ẹnu rẹ̀ kò gba tiwọn. Nígbà tó máa fi di ọdún kejì, mẹ́jọ ti lọ. Akin wà ní Texas, Ìdòwú wà ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún un ní ọkọ̀ jíìpù méjì, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀kan fún tòsì. Ní ọdún kẹta, àwọn tó mọ̀ níbẹ̀ kò ju Kóyọ̀dé, kóòṣì, àti ẹni tó ń wọ aṣọ pẹ́pẹ́yẹ lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n gbọ́ pé pẹ́pẹ́yẹ náà ti lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ kan fi owó lé owó rẹ̀, ó lọ ń ṣe akọ màlúù.

"Àwa tí à ń wò wọ́n ńkọ́?" Àlàájì ń bi Bánjí. "Ṣé orúkọ tuntun ni mo fẹ́ máa kọ́ lọ́dọọdún bí ọmọ jẹ́léósinmi?"

"Àlàájì, ẹ kúkú dákẹ́ sísọ wọ́n lórúkọ," ni Bánjí wí. "Ẹ máa pè wọ́n ní nọ́ńbà, bíi bọ́ọ̀sì."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Kóyọ̀dé pè.

"Grandpa, ẹ káàrọ̀. Mo ní news."

"Má sọ iye tí ẹ gbá."

"Kì í ṣe score. Mò ń lọ sí Brackett."

Àlàájì jókòó. "Brackett wo?"

"Brackett State."

"Níbi tí wọ́n ti ń yan pẹ́pẹ́yẹ jẹ kí wọ́n tó bá wa gbá?"

"Grandpa, owó yẹn, I swear, ó pọ̀. Mummy lè fi night shift sílẹ̀."

"Dunmore kọ́ ẹ níwèé."

"Wọ́n kọ́ mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. But ẹ̀yìn Mummy ti ń dùn ún, Grandpa."

Àlàájì gbé fóònù kalẹ̀ láìdágbére. Tòún bí ọmọ náà sí Houston nígbà tó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, torí náà ìwé àṣẹ kankan kò dí i lọ́wọ́ láti gba owó. Ní oṣù kan péré, Kóyọ̀dé ti wà nínú ìpolówó ọkùnrin olówó kan tó ń ta mátírẹ́ẹ̀sì ní ìpínlẹ̀ mẹ́rìnlá. Ó nà gbalaja sórí mátírẹ́ẹ̀sì, ó dé fìlà Ìkookò, ó ń juwọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò yọ lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì yìí. Àlàájì wo ìpolówó náà lẹ́ẹ̀mejìlá, ó sì gbé oríkì tì.

Ìdíje mẹ́rin àkọ́kọ́, Kóyọ̀dé ju bọ́ọ̀lù lu gbogbo nǹkan tí Ọlọ́run dá, àfi inú apẹ̀rẹ̀. Ó lu pátákó, ó lu kóòṣì, ó lu ìyá àgbà kan tó ń jẹ gúgúrú ní ìlà kejì. Ní Ọjọ́bọ̀, Tòún sọ̀ kalẹ̀ wá, ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì Àlàájì.

"Àlàájì, ẹ dákun. Pásítọ̀ wa ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé e lórí. Ọmọ yìí ní ohùn yín lòun ò gbọ́. Kóòṣì ti ní tí kò bá gbá dáadáa ní Sátidé, orí bẹ́ǹṣì ni yóò wà títí ọdún á fi parí, wọn ò sì ní fẹ́ ẹ mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀."

"Ta ni wọ́n fẹ́ bá gbá ní Sátidé?"

Tòún wo kápẹ́ẹ̀tì. "Dunmore."

"Áà." Àlàájì tún fìlà rẹ̀ dé dáadáa. "Ẹ ní kí ẹni tó ń ta mátírẹ́ẹ̀sì kì í."

Mìsítúrà, ìyàwó Àlàájì, ń ṣa ẹ̀wà lórí àga. Kò gbójú sókè.

"Bàbá Hameedah, ta ló fi Ìsẹ́yìn sílẹ̀?"

"Ìyẹn yàtọ̀."

"Báwo ló ṣe yàtọ̀? Òfì bàbá yín wà nílẹ̀ tó ń dúró dè yín. Ẹ ní ọdún méjì lẹ fẹ́ lò ní London. Ṣé òun ni ẹ ṣì ń lò lọ́wọ́?"

"Iṣẹ́ ni mo wá ṣe."

"Owó lẹ wá wá. Mi ò ní ẹ jẹ̀bi, èmi náà ń jẹ níbẹ̀." Ó ju òkúta ẹ̀wà kan sínú àwo. "Nígbà tẹ́ ẹ wá, ṣé màmá yín gbé oríkì yín tì?"

Ní àwọn ọdún yẹn, káàdì fóònù lèèyàn máa ń rà ní Rye Lane, èyí tí wọ́n máa ń fi owó ẹyọ họ ẹ̀yìn rẹ̀. Tí Àlàájì bá ti pe Ìsẹ́yìn, màmá rẹ̀ kì í kí i. Oríkì ni màmá máa fi gbé e. Á kì í láti ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ ta okùn òfì nínú ìdílé wọn títí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìdajì káàdì á ti lọ kó tó délẹ̀. Ó gbé ní Peckham fún ọdún mẹ́rìnlélógún kí màmá tó kú. Kò sí ọjọ́ kan tí màmá pè é ní ọmọ Peckham.

"Tòún, ẹ dìde," ló wí. "Kápẹ́ẹ̀tì yẹn le."

Hameedah bá a gbé fóònù sí ẹnu. "Daddy, ẹ kàn yí ìparí yẹn padà. Ẹ sọ pé ọmọ Ìkookò. It's not deep."

Àlàájì gbìyànjú. Ó dé "ọmọ Ì...", ọ̀fun rẹ̀ sì kọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ òtútù. Ó mu omi. Ó ní kí Hameedah bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Lọ́tẹ̀ yìí ó kì í bó ṣe máa ń kì í, kò yí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà: Pẹ́pẹ́yẹ ará Dunmore, Pẹ́pẹ́yẹ tó na Ìkookò. Bó ṣe ń parí ni Mìsítúrà kígbe láti kíṣìnì: "Bàbá Hameedah, ẹ gbé bíìnì ìdọ̀tí síta o, ọ̀la ni àwọn tó ń kó o ń bọ̀!" Hameedah ti fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó rántí gé e kúrò.

Ọjọ́ Sọ́ńdè, láago mẹ́wàá àárọ̀, àwọn mẹ́rin jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n: Àlàájì, Mìsítúrà, Hameedah, àti Tòún tó sọ fún pásítọ̀ pé òun máa pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Brackett, wọ́n pa gbogbo iná. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún èèyàn dákẹ́ nínú fìlà Ìkookò wọn. Kóyọ̀dé ti gbé voice note náà fún àwọn tó ń darí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ibẹ̀.

Ohùn Àlàájì sì bọ́ láti òrùlé bí ààrá.

"Àlàó, ọmọ Tòún!"

Wọ́n hó. Ó dùn mọ́ wọn débi pé wọ́n tún un gbé sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó máa fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, gbogbo ilé ti mọ ibi tí wọ́n ti ń gbè é. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún Ìkookò na ọwọ́ sókè, wọ́n sì ń pariwo pẹ̀lú gbogbo agbára wọn, ní Yorùbá tí wọn ò gbọ́, pé Pẹ́pẹ́yẹ ti na àwọn, ó ti gba oúnjẹ ẹnu àwọn. Ọkùnrin oní-mátírẹ́ẹ̀sì wà ní ìlà àkọ́kọ́, ó ń pàtẹ́wọ́ débi pé aago ọwọ́ rẹ̀ já. Nígbà tí ohùn Mìsítúrà dé ibi bíìnì, wọ́n dìde dúró fún un.

"Èmi rèé?" ni Mìsítúrà bi Tòún.

"Ẹ̀yin ni, Mummy."

Àlàájì ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ nu omi ojú.

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí Kóyọ̀dé jù, ó wọlé. Àlàájì fò sókè, ó rántí fìlà orí rẹ̀, ó jókòó. Dunmore ju tiwọn wọlé, ó fò sókè, ó rántí ọmọ, ó jókòó. Bó ṣe ń ṣe títí orúnkún rẹ̀ fi ń dún ju àga lọ. Kóyọ̀dé nìkan ti gba àmì mẹ́rìnlélógún. Kóòṣì tó fẹ́ gbé e sórí bẹ́ǹṣì ti ń fẹnu kò ó lórí. Ó ku ìṣẹ́jú méjì, ọ̀mì ni, mọ́kànléláàádọ́rin sí mọ́kànléláàádọ́rin.

Àlàájì mú rìmóòtù, ó pa tẹlifíṣọ̀n.

"Àlàájì," ni Tòún wí, "ó ku ìṣẹ́jú méjì."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò fẹ́ mọ ẹni tó borí?"

"Ẹ lọ wo ìyókù lókè, Tòún. Tẹ́ ẹ bá wò ó tán, ẹ má fi igi kan ilẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, fìlà àlùkò yọ ní Rye Lane. Àwọn tó ń ta fóònù yí gbogbo ojú fóònù sókè, torí wọ́n rò pé ó ti wò ó. Ó ní kí wọ́n dà wọ́n délẹ̀ padà. Ó dé ọ̀dọ̀ Bánjí.

"Titus méjì."

"Àlàájì, ọmọ yín mà gbá a o."

"Ó gbá a."

"Ẹ wá wo ìparí yẹn, nígbà tó..."

"Bánjí."

Bánjí wo fìlà, ó wo ojú tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó rọra mú ẹja kẹta láti inú yìnyín, ó kì í bọ ẹnu ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wé méjì tó kù.