Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Tí Mo Ṣe Lọ́ṣọ̀ọ́ De Àna

Òórùn sìmẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi ń dí àárín táìsì ara ògiri kì í jẹ́ kí n gbádùn ilé tuntun ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ní kí n wá báwọn yọ̀, tí òórùn yẹn bá ti kọlu imú mi, ọkàn mi á padà sí ilé kékeré tí mo kọ́ sí ẹ̀yìn Ṣàngó-Ọ̀tà nígbà tí mo ṣì jẹ́ àpọ́n, ojú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí bí ẹni pé àná ni.

Ìgbà náà ni Ọ̀tà ń gbòòrò lójoojúmọ́. Ibi tí wọ́n ti ń ro ẹ̀gẹ́ tẹ́lẹ̀, kí o tó padà kọjá níbẹ̀, wọ́n ti ri òpó ṣọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń wá yàrá kiri, gbogbo onílé sì ń fọ́ ògiri kí wọ́n lè fi tọ́lẹ́ẹ̀tì sínú ilé, torí ọmọ yunifásítì kì í lọ sí ṣáláńgá. Èmi tí mo ti Ọ̀ṣun wá ń di táìsì sínú páálí ní iléeṣẹ́ kan, ọ̀rọ̀ náà kò kàn mí. Ṣáláńgá mi wà lẹ́yìn ilé, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Àfi ìgbà tí mo rí ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa, tí mo sì fẹ́ fi ṣaya. Àwa méjèèjì ti gbọ́ ara wa yé, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, tó ń ta sìmẹ́ńtì ní Ṣàngó, ní òun ò ní fọwọ́ sí i títí òun á fi fojú ara òun rí ibi tí ọmọ òun máa gbé. Ó dá ọjọ́ Sátidé. Ọmọbìnrin náà wá ta mí lólobó pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí bàbá òun ń lò máa ń mú un tọ̀ lemọ́lemọ́. Orí mi fò lọ. Ta ni yóò mú irú àna bẹ́ẹ̀ lọ sí ṣáláńgá?

Yàrá tóóró kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pálọ̀ tí mo ń kó èlùbọ́ àti kẹ̀kẹ́ mi sí. Mo kó gbogbo rẹ̀ jáde, mo pe àwọn tó gbẹ́ sọ́kàwé, kòtò tí ìdọ̀tí á máa ṣàn lọ sí, mo ra ìjókòó funfun, mo sì fọwọ́ ara mi lẹ táìsì búlúù tí iléeṣẹ́ wa yọ sọ́tọ̀ nítorí àbùkù díẹ̀. Kí ni mo mọ̀ nípa táìsì lílẹ̀? Apá òsì ga ju apá ọ̀tún lọ, mo bá fi dígí ńlá bo ibẹ̀. Mo ta kọ́tìnnì búlúù sí fèrèsé tó kéré bí ojúlé ẹyẹlé, mo so òdòdó oníke mọ́ ògiri, mo sì gbé ọṣẹ olóòórùn dídùn kan kalẹ̀ tí èmi fúnra mi kò jẹ́ fọwọ́ kàn. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èmi kó gbogbo ẹ̀ṣọ́ tèmi sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Omi ẹ̀rọ kò sí. Mo pọn omi kún korobá búlúù kan, ó wá ku ohun tí a ó máa fi bu omi náà dà sí i. Ike pupa kan wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n pupa kò bá búlúù mu. Mo tú ilé ìdáná, mo rí jọ́ọ̀gì búlúù kan tó bá táìsì náà mu rẹ́gí. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ike tí wọ́n ń pín níbi òkú àgbà, tí wọ́n máa ń tẹ àwòrán olóògbé sí lára. Níbi ìsìnkú ìyá bàbá ọmọbìnrin yìí gan-an ni mo ti gbà á, ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ló sì fi lé mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo ti fi mu omi títí tí n kò fi rí àwòrán náà mọ́. Àwọ̀ búlúù nìkan ni mo rí. Mo gbé e lé orí ọmọrí korobá, mo fà sẹ́yìn díẹ̀, mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Bàbá dé ní Sátidé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó mu omi, ó wo òkè àjà, ó fọwọ́ gbá ògiri, ó ní, "O ò ṣahun sìmẹ́ńtì. O ṣeun." Kò pẹ́ tó fi bèèrè ibi tí òun lè tọ̀ sí. Ohun tí mo ti ń dúró dè nìyẹn! Mo ṣílẹ̀kùn, mo tanná, mo sì dúró sí pálọ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀bùn.

Bàbá pẹ́ níbẹ̀. A kò gbọ́ ìró omi. Nígbà tó jáde, orí rẹ̀ ṣófo. Ó ti fi fìlà rẹ̀ wé jọ́ọ̀gì náà, ó sì gbé e mọ́ àyà.

Ó ní, "Ọmọ mi, ibẹ̀ mọ́ tónítóní, o gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ìyá mi nìyí. Ṣé wàá jẹ́ kí n mú wọn lọ sílé?"

Ìgbà náà ni mo tó rí ohun tí mo ṣe. Mo wólẹ̀, mo ní, "Ẹ dákun sà, mi ò rí i ni."

"Mo mọ̀ pé o ò rí i. Dìde."

Ó jókòó padà, ó ní òun ti rí ilé, òun sì ti gbà, kí n lọ mú àwọn èèyàn mi wá. Ó gbàdúrà fún wa. Mo ṣe àmín títí ohùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ há. Ọmọbìnrin náà kò ṣe àmín kankan.

Nígbà tí bàbá ti wọ mọ́tò, ọmọbìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá mi ti gbà. Èmi ni mi ò gbà."

Mo ní, "Ṣebí àṣìṣe ni."

"Àṣìṣe ni lóòótọ́. Ẹ rí i pé pupa ò bá búlúù mu. Màmá àgbà tó tọ́ mi dàgbà, ẹ ò rí wọn. Tí mo bá wọlé yín tán, ṣé ẹ máa rí èmi?"

Bàbá bá mi bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà, nígbà tó sì yá, ó fẹ́ ẹlòmíràn.

Mo ti di baba ọmọ báyìí, omi ẹ̀rọ sì ń yọ nínú ilé mi. Ọmọbìnrin náà kọ́ ló máa ń wá sọ́kàn mi. Ó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, mo sì ti gbà á bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi gbogbo lẹ́yìn ìgbà náà, yóò wá mi wá sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa, yóò bọ̀ mí lọ́wọ́, yóò ní, "Ọmọ mi, ṣé dáadáa ni?" títí ìtìjú fi lé mi kúrò nínú ìjọ náà. Ká ní ó bú mi ni, mo rò pé ǹ bá ti gbàgbé tipẹ́.