Báàgì Jámánì láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Iléṣà, ẹ ó rí fọ́tò ńlá kan lára ògiri. Èmi nìyẹn lórí òkè Ìmẹ̀sí-Ilé, mo gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, mo ń wo ọ̀ọ́kán bí ẹni tó ni òkè náà. Àwọn tó ń gun òkè, àwọn tó ń sáré, àwọn tó ń lọ pàgọ́ sínú igbó, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń ra bàtà, okùn, àgọ́ àti báàgì. Awwal Olókè ni wọ́n ń pè mí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gun òkè náà láyé mi, ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò yẹn ni, mi ò sì gùn ún dé ìdajì.

Òṣogbo ni wọ́n bí mi. Bàbá mi ń pe èrò sí mọ́tò ní Old Garage, nígbà tó sì fi máa kú, ariwo ni mo mọ̀ ọ́n pa ju ìwé lọ. Bàtà bọ́ọ̀lù òkìríkà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Màá so okùn wọn pọ̀, màá fi wọ́n kọ́ ọrùn, màá máa sá tẹ̀lé mọ́tò tó ń lọ Iléṣà. Èyí tó bá ti ya nínú wọn, kò sẹ́ni tó ń rà á. Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Bàbá Àkànó ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Awọ ni iṣẹ́ ìdílé Bàbá Àkànó. Wọ́n ń rán awọ mọ́ tírà fáwọn áàfáà, wọ́n ń rán àpò fáwọn ọdẹ, àkọ̀ ọ̀bẹ fáwọn alápatà. Wọn ò bi mí pé ọmọ ta ni mí. Wọ́n gba bàtà náà, wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n fi òwú tí wọ́n ti fi ìda pa rán an. Wọ́n ní, "Lọ tà á. Bó bá tún ya, gbé e padà wá." Kò sí ìkankan tó tún ya.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé gíga Ẹ̀sà-Òkè tó máa ń gun òkè lópin ọ̀sẹ̀ ló kọ́kọ́ bi mí léèrè báàgì. Mo rí ọ̀kan tó ti ya nínú òkìríkà, mo gbé e fún Bàbá. Wọ́n tú u palẹ̀ bí ẹni ń kun ẹran, wọ́n wo inú rẹ̀ títí, wọ́n ní òyìnbó yìí ahun ni, ó ṣahun òwú. Ọjọ́ kẹrin, wọ́n ti fi tapólì àti awọ ewúrẹ́ rán òmíràn tó lágbára ju ti òyìnbó lọ.

Mo gbé e lọ Iléṣà. Àwọn èèyàn yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé Òṣogbo ni wọ́n ti rán èyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n gbé e kalẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé báàgì náà kiri tí ẹnikẹ́ni ò rà á. Lọ́jọ́ tí inú bí mi, mo já lébẹ̀lì kúrò lára báàgì òkìríkà yẹn, mo fọwọ́ ara mi rán an mọ́ ti Bàbá, mo ní Jámánì ni. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ó ti tà. Kíá ni mo lọ bá àwọn tó ń ṣe mónógíráàmù sára aṣọ ilé-ìwé, mo ní kí wọ́n bá mi kọ HELMBERG, orúkọ tí mo ṣẹ̀dá fúnra mi. Mo purọ́ fún wọn pé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ni.

Àsìkò yẹn náà ni Bàbá sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn fún mi. "Awwal, baba mi ní àmì kan tí wọ́n máa ń rán sí igun iṣẹ́ wọn, ojú rírán mẹ́ta tó dábùú ara wọn. Ó wù mí kí n máa fi sára àwọn báàgì yìí."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, ta ni yóò ra àpò Àkànó?"

Wọ́n wò mí fìrí, àwọn náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n tẹjú mọ́ iṣẹ́ wọn. Wọn ò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Bí mo bá rántí ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ náà, ó máa ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Ọdún mẹ́sàn-án ni a fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Bàbá ń rán, èmi ń gbé e lọ Iléṣà, mo ń rán lébẹ̀lì mọ́ ọn lẹ́yìn ilé. Bàbá ò mọ nǹkan kan nípa lébẹ̀lì, nítorí ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọn kì í rìnrìn àjò. Mo kọ́ ṣọ́ọ̀bù, mo fẹ̀ ẹ́. Wọ́n pè mí sórí rédíò kí n wá sọ bí mo ṣe di èèyàn, mo sì gbẹ́nu lé e pé kò sẹ́ni tó ràn mí lọ́wọ́ àfi Ọlọ́run. Mo gbàgbé pé Bàbá máa ń gbọ́ rédíò nídìí iṣẹ́ wọn. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́sẹ̀ náà, wọ́n ní, "Mo gbọ́ ọ lórí rédíò. Ohùn rẹ já gaara." Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá." Mo kó báàgì sínú mọ́tò, mo ń sọ fún ara mi pé bóyá wọn ò gbọ́ ibi yẹn.

Lọ́dún tó kọjá, lọ́jọ́ Sátidé kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ń múra Ìmẹ̀sí-Ilé. Mo ń ròyìn Jámánì fún wọn bí ẹni tó ti débẹ̀ rí. Ni ilẹ̀kùn bá ṣí, Bàbá Àkànó wọlé pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Humairah, ọmọ ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí Ẹ̀sà-Òkè, ló ń dì wọ́n mú. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Iléṣà ló dàgbà sí, kò mọ̀ mí rí. Ó lọ tààrà síbi báàgì.

"Bàbá àgbà, òun nìyí!" Ó kọjú sí mi. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé Jámánì ni wọ́n ti ṣe é lóòótọ́? Bàbá àgbà ní àwọn á rán ọ̀kan fún mi. Mo ní wọn ò lè rán irú eléyìí."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín. Bàbá gba báàgì náà, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n dé ibi lébẹ̀lì, ọwọ́ wọn dúró. Kéwú ni Bàbá kà, wọn ò ka ìwé òyìnbó, ṣùgbọ́n wọ́n mọ èyí tí kì í ṣe ọwọ́ wọn. Wọ́n gbójú sókè wò mí.

Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ: Bàbá yìí ló rán an. Mo wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo wo fọ́tò ara mi lára ògiri, mo ní, "Jámánì ni."

Bàbá wá mi orí sókè sódò. Wọ́n sọ ọ́ sókè tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbọ́: "Òótọ́ ló sọ, Humairah. Mo mọ iṣẹ́ wọn. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe."

Wọ́n ti ọwọ́ bọ àpò, wọ́n ń kó owó jáde. Mo ní kí wọ́n má wulẹ̀ san nǹkan kan, mo fi ta ọmọ náà lọ́rẹ. Wọ́n ní, "Rárá o. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Kò yẹ kéèyàn gbà á lọ́fẹ̀ẹ́." Wọ́n san án pé, wọ́n gbéra ń lọ, ọmọ náà ń fò fún ayọ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bàbá wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n èmi, ọmọ tuntun tí orí rẹ̀ wọ́, ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìtìjú ò jẹ́ kí n dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Lọ́sẹ̀ kẹta, awakọ̀ kan gbé àpò ńlá dé láti Old Garage. Báàgì méjìlá ló wà nínú rẹ̀. Mo yọ àkọ́kọ́. HELMBERG wà lára rẹ̀, òwú ìda ni wọ́n fi rán an, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gún régé ju ti ẹ̀rọ lọ. Mo yọ èkejì, mo yọ ẹ̀kẹta. Bákan náà ni gbogbo méjèèjìlá. Bàbá ti fi báàgì Humairah ṣe àwòkọ.

Awakọ̀ náà ní, "Bàbá ní kí n sọ fún yín pé kí ẹ má ṣe wàhálà mónógíráàmù mọ́. Àwọn ti bá yín ṣe é."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Bí wọ́n bá bú mi ni, ìbá sàn. Màá bẹ̀ wọ́n, yóò tán níbẹ̀.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo lọ Òṣogbo. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí eruku awọ. Mo ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí. Ẹ tú irọ́ yẹn kúrò. Àmì baba yín ni kí ẹ máa fi sí i láti òní lọ."

Bàbá rọra gbé abẹ́rẹ́ wọn kalẹ̀. Wọ́n ní, "Awwal, ta ni yóò ra àpò Àkànó?"

Wọn ò fi mí ṣẹ̀sín, wọn ò sì bínú. Wọ́n fẹ́ mọ̀ ni. Wọ́n tẹjú mọ́ mi, wọ́n ń retí kí n dáhùn, èmi tí mo ti fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́ gbogbo Iléṣà pé kò sẹ́ni tó yẹ kó rà á.