Eédú Inú Agolo

"Gbé omi ọṣẹ yẹn sún mọ́ mi." Bàbá mẹkáníìkì ri rọ́bà dúdú kan tó yọ lára mọ́tò bọ inú abọ́, ó fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, ìfófó sì hó níbì kan. Ó fi èékánná tẹ ibẹ̀. "Ibí ló ti sán."

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Abẹ́ igi máńgòrò tó kọjú sí ilé wa ní Ìkéré ló ti ń ṣiṣẹ́. Mọ́tò bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà, ló ń tún ṣe, nítorí òórùn epo bẹtiróòlù kì í jẹ́ kí ìyá mi lè jókòó nínú rẹ̀. Bàbá mẹkáníìkì fi agolo dúdú kan hàn mí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní eédú ló wà níbẹ̀. Bí oòrùn bá pa táǹkì, ooru epo á gba rọ́bà wọ inú agolo, eédú á gbá a mú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, á fà á kúrò lára eédú, á jó o.

"Bàbá, ẹ fi eédú sílẹ̀ fún àwọn tó ń sun àgbàdo," bàbá mi wí.

"Tíṣà, ìwọ ń kọ́ wọn ní tìrẹ. Jẹ́ kí n kọ́ ọ ní tèmi."

Ó pààrọ̀ rọ́bà náà, òórùn sì lọ. Bàbá mi sọ ọ̀rọ̀ eédú náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ kejì, a lọ sí Adó. Mẹkáníìkì kan tó ń pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì níbẹ̀ rí agolo náà, ó ní ẹrù lásán ni. Ó yọ ọ́, ó jù ú sínú koríko, ó wá fi igi ṣóńṣó dí rọ́bà tó ti táǹkì wá. Mo jókòó lẹ́yìn, mo rí i.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn mú gan-an. Bàbá mi fẹ́ da epo inú kẹ́ẹ̀gì sínú táǹkì. Ìyá mi ń yan gàrí lẹ́bàá ògiri. Bí bàbá mi ṣe ṣí ìdérí táǹkì báyìí, ooru epo tí kò ríbi mí látàárọ̀ tú síta, iná ààrò sì gbà á. Mọ́tò jóná. Awọ ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi bó.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbà pé eédú tí bàbá yẹn fi sínú mọ́tò ló gbiná. Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́.

Bàbá mẹkáníìkì dúró dè mí lọ́nà iléèwé. "Ìwọ wà nínú mọ́tò. Ṣé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan agolo yẹn lẹ́yìn mi?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Ó dáa. Máa lọ ulé."

Kí ọdún tó yí po, koríko ti hù lábẹ́ máńgòrò náà. Oko ló kù fún un, ibẹ̀ ló sì kú sí.

Èmi náà ń wa mọ́tò báyìí. Mẹkáníìkì tó bá fẹ́ yọ agolo náà, mo máa ń ṣàlàyé eédú fún un bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ọ̀kan bi mí lóṣù tó kọjá pé, "Ta ló kọ́ yín, mà?"

Mo ní mi ò rántí. Bí mo bá sọ ẹni náà ní Ìkéré, wọ́n á ní, "Ṣé bàbá tó fi eédú sun mọ́tò tíṣà ni?" Yóò wá di dandan kí n sọ ohun tí mo rí.