Iléèwé Tọkùnrin Tobìnrin

Ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí wọ́n pín ife òmìnira fún àwọn ọmọ iléèwé ni mò ń wí. Òórùn yanrìn odò, àti omi tútù tó ń kán sí mi lọ́rùn láti inú páànù tí mo rù, tó ti lu, òun ni mo fi ń mọ òwúrọ̀ nígbà náà l'Ọ̀kà.

Tíṣà kan tó ti Ìkàrẹ́ wá ló dúró níwájú mọ́ṣáláṣí wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ó ní òun fẹ́ dá iléèwé sílẹ̀, ti ara òun, kì í ṣe ti ìjọba, kì í ṣe ti ìjọ. Ó ní, “Tọkùnrin tobìnrin ni yóò jọ máa jókòó. Kí gbogbo ọmọ jáde wá gbé yanrìn.” Inú mi dùn. Ṣé ẹ mọ̀ pé nínú èdè wa, ọmọ kò ní akọ, kò ní abo. Èmi náà ló ń pè.

A gbé yanrìn. Àwa ọmọbìnrin la gbé e jù, torí àwọn ọmọkùnrin á gbé páànù kan, wọ́n á bọ́ sódò lọ lúwẹ̀ẹ́. Irun àárín orí mi re tán.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, ìyá mi fi òrí pa mí lára, ó ní, “Ọmọ tó bá ṣípá ni wọ́n ń gbé. Lọ ṣípá.” Ìgbà tí mo jáde, bàbá mi ti di Ráímì, àbúrò mi, lọ́wọ́ mú.

“Bàbá, èmi ńkọ́?”

“Ọmọ ni wọ́n ní kí n mú wá. Mo ti mú un.”

Mo tẹ̀ lé wọn tẹkúntẹkún. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ wọ iléèwé á gbé ọwọ́ gba orí kọjá, á fi kan etí kejì. Ọwọ́ Ráímì kò tilẹ̀ sún mọ́ etí.

Tíṣà ní, “Bàbá Ráímì, eléyìí ò tíì tó o.”

Bàbá mi ní, “Ẹ jẹ́ kó dàgbà síbẹ̀.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo bọ́ síwájú, mo gbé ọwọ́, mo di etí mi mú, mo fà á. Tíṣà ní, “Èyí ti tó dáadáa.” Bàbá mi ní, ta ni yóò wá máa pọn ọmọ fún ìyá mi tó bá lọ sọ́jà Ìkàrẹ́? Tíṣà wolẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ lọmọ yín.” Bó ṣe parí nìyẹn! Ọkùnrin tó pariwo tọkùnrin tobìnrin létí gbogbo ìlú!

Iléèwé náà gbilẹ̀. Yàrá méjì di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, bọ́ọ̀sì wọn ń kó ọmọ láti Ìkun dé Ọ̀gbàgì. Lọ́dún tó kọjá wọ́n ṣe àjọ̀dún, ẹni tó di máìkì mú ní kí a pàtẹ́wọ́ fún “àwọn baba wa tó fọwọ́ ara wọn kọ́ ọ.” Baba wo? Baba wo ló gbé páànù? N kò pàtẹ́wọ́.

Ọmọ tí mo jẹ́ lọ́jọ́ yẹn sunkún, ó sì padà sílé. Èmi tí mo dà yìí kì í padà sílé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi ní ká kọ́kọ́ rán àwọn ọkùnrin nínú àwọn ọmọ wa lọ síléèwé, mo ní irọ́ ni, gbogbo wọn ló ń lọ, ibẹ̀ náà gan-an ni wọ́n sì ń lọ. Mo wá sọ fún àwọn ọmọbìnrin mi pé, “Ẹ má wọ ibẹ̀ bí àlejò, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun ṣe yín lóore. Ògiri yẹn, orí ìyá yín ló gbà kọjá kó tó dúró.”