Omi Ń Wọ Ọkọ̀ Mi

Òórùn kànáfùrù ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá màmá kan tó jẹ́ ará Mombasa ní Kenya, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Rexdale, nílùú Toronto. Ìgbà yẹn, ṣíìfù méjì ni mò ń ṣe lójúmọ́. Kí n tó bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ mi á ti kú tipiri. Síbẹ̀ mo dúpẹ́, nítorí Ọlọ́run ló fún mi níṣẹ́ nílùú tí mi ò ti mọ ẹnikẹ́ni.

Gẹ̀ẹ́sì ni èmi àti màmá jọ ń sọ, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀ wọ́n lára, ewì Swahili ni wọ́n máa ń bọ́ sí, torí akéwì ni wọ́n látìgbà ọmọge. Mo kéwú ní kékeré. Nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá bíi dúníyàn àti àlùbáríkà lẹ́nu wọn, mo ti gbà pé èdè náà yé mi. Lọ́jọ́ kan wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Wakati umefika."

Mo wo aago ara ògiri. "Aago mẹ́rin ti lù, Màmá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. "Ìgbà mi tó dé ni mò ń wí, ìwọ ọmọ yìí. Ta ló bi ọ́ ní aago?"

Ó yẹ kí n ti kọ́gbọ́n níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kó lè yé mi: "Omi ń wọ ọkọ̀ mi. Bí mo bá ti dùbúlẹ̀, mo máa ń gbọ́ ọ nísàlẹ̀." Ó ti rẹ̀ mí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ pé màmá ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi, ó jọ pé wọ́n ti ń ṣarán.

Ọjọ́ kẹta ni àwọn aláṣẹ ilé náà pe ọmọbìnrin màmá, kó wá fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n gbé ìyá rẹ̀ lọ sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta, níbi tí wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń ṣarán. Toronto ni wọ́n bí ọmọ náà sí, kò gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Auntie, ṣé lóòótọ́ ni mummy ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Omi lé ròrò sí i lójú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, mo ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ màmá, ojú ibi tí ìka mi ti tẹ ẹsẹ̀ wọn kò padà. Ó jìn wọlé bí ẹni tẹ ẹ̀bà. Mo rántí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà. Nílé wa, a máa ń sọ pé ọba wàjà. Ta ló gbé àkàbà wá rí láti lọ wo ọba lórí àjà?

"Màmá, ọkọ̀ wo lẹ̀ ń wí gan-an?"

Wọ́n fọwọ́ lu àyà. "Èyí tí mo bá wáyé. Àbí o rí òmíràn lọ́wọ́ mi?"

Mo sáré pe nọ́ọ̀sì. Omi ti ń kún inú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Mo jẹ́wọ́ fún ọmọ wọn ohun tí mo kọ, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó má fọwọ́ sí ìwé náà. Kò fọwọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì ni màmá lò ní ọsibítù, yàrá wọn àtijọ́ ni wọ́n sì padà sí.

Lẹ́yìn náà, wọ́n kéwì kan nípa mi. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi mí wé nínú rẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣebí ìwọ lo gbọ́ èdè." Wọn kò sọ ọ́ títí wọ́n fi papòdà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kí Ọlọ́run kẹ́ wọn.

Mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà, ó ṣì ń rẹ̀ mí, mo sì ń dúpẹ́. Bí mo bá ti kí ìrun Àsárì tán, mo máa ń jókòó díẹ̀ sórí ẹní, kí n máa ro ohun tí mo jẹ́ nínú ewì yẹn. Ọmọ wọn ní òun gbà á sílẹ̀ sínú fóònù, pé òun mọ ẹni tó lè túmọ̀ rẹ̀. Mi ò tíì ní kó fi ránṣẹ́.