Ìtọ̀ Tó Ń Ta Sánsán

Mo rántí ìgbà tí mo gbé ìtọ̀ ìyá ìyá mi láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ nínú ọkọ̀ èrò, tí obìnrin tó jókòó tì mí sì ń bi mí irú lọ́fínńdà tí mo fín sára. Ọdún àṣekágbá ni mo wà ní yunifásítì Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àrùn ni mò ń kọ́, mo sì ti gbà pé kò sí kòkòrò tó lè yọ mí lẹ́nu mọ́. Aṣọ funfun ilé àyẹ̀wò kì í bọ́ lọ́rùn mi. Kódà, mo máa ń wọ̀ ọ́ lọ ra ẹ̀wà.

Ìyá àgbà ni aṣíwájú ẹgbẹ́ àsàlátù àdúgbò wọn ní Ọ̀yọ́, ìlà iwájú sì ni àyè wọn nínú mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n lọ́dún náà, ìtọ̀ ń ta wọ́n bí ata, ó sì ń já bọ́ láìròtẹ́lẹ̀. Wọ́n á ṣe àlùwàlá tán, kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ti bàjẹ́. Àlùfáà sọ fún wọn pé Ọlọ́run kò ka èyí sí aláìsàn lọ́rùn, kí wọ́n máa kírun wọn lọ. Wọ́n ní àwọn gbọ́, síbẹ̀ ẹ̀gbẹ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ń jókòó sí, níbi tí wọ́n ti lè tètè sáré jáde. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti bá àwọn ẹgbẹ́ wọn parí àsàlátù, ó sì ń dùn wọ́n ju ìrora náà fúnra rẹ̀ lọ.

Kápúsù pupa àti yẹ́lò ni wọ́n fi ń wò ó. Bó bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n á kó ìyókù fún ọ̀rẹ́ wọn. Bó bá tún dé, ọ̀rẹ́ náà á wá èyí tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ fún wọn.

Mo da ìtọ̀ náà sórí àwo àyẹ̀wò tí kòkòrò máa ń hù sí, mo dúró di ọjọ́ kejì, kò sí ohun tó hù. Mo pe Ìyá lórí fóònù, mo fi ọgbọ́n ìwé ṣàlàyé fún wọn pé kò sí kòkòrò kankan lára wọn.

“Ó dáa, ọkọ mi,” ni wọ́n wí. “Bá mi sọ fún ìtọ̀ náà kó má ta mí mọ́.”

Ọ̀gá wa nílé àyẹ̀wò, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ṣí ìgò náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì ní kí n tún ẹni tó ni ín pè.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi sínú ìgò yẹn?” ni mo bi wọ́n.

“Oògùn tí a fi ń fọ ṣáláńgá ni mo fi ṣàn án kó lè mọ́. Mo wá kán lọ́fínńdà sí i. Ṣé kí ọmọ mi máa gbé nǹkan tó ń rùn káàkiri ni?”

Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá àgbà ti pa gbogbo kòkòrò inú ìgò, wọ́n sì fi ti inú ara wọn sílẹ̀.

A ní kí wọ́n máa bọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, inú ìgò tiwa ni wọ́n tọ̀ sí, kòkòrò sì hù kún àwo bámúbámú. A to oríṣiríṣi oògùn sórí rẹ̀, nítorí pé níbi tí oògùn bá ti ran kòkòrò, àyíká rẹ̀ á mọ́ kedere. Kòkòrò Ìyá hù títí dé ẹsẹ̀ kápúsù pupa àti yẹ́lò. Ọ̀gá wa ṣàlàyé pé irú wọn máa ń lẹ̀ mọ́ ara àpò ìtọ̀, ìtọ̀ kì í gbá wọn lọ, àti pé oògùn tí a kò lò parí ń pa àwọn tí kò lágbára, ó ń fi àwọn ògbólógbòó sílẹ̀.

Ìyá tẹjú mọ́ àwo náà. “Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí n kírun,” ni wọ́n sọ fún àwọn kòkòrò náà. Wọ́n wá yíjú sí mi: “Kápúsù tí mò ń lò, ṣé wọ́n ń fi jẹun ni?”

Oògùn kan ṣoṣo ló mú kòkòrò náà dáadáa, abẹ́rẹ́ sì ni. Dókítà gún un fún wọn, ó ní wọn kò gbọdọ̀ dá a dúró lágbedeméjì. Yàrá mi ni wọ́n gbé títí ó fi parí, wọ́n sì tún gbogbo ẹrù mi tò débi pé n kò rí ìwé mi mọ́.

Nígbà tí mo lọ sí Ọ̀yọ́ lẹ́yìn náà, mo dúró dè wọ́n níta mọ́ṣáláṣí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Àsàlátù parí, gbogbo obìnrin jáde, n kò rí Ìyá. Mo yọjú wolé, mo bá wọn ní ìlà iwájú, àwọn nìkan, wọ́n ṣì ń kírun. Mo fi wọ́n sílẹ̀, mo sì jókòó sẹ́bàá bàtà wọn. Inú mi dùn gan-an.

Iṣẹ́ yìí náà ni mò ń ṣe títí dòní. Aṣọ funfun ti ń bọ́ lọ́rùn mi báyìí tí mo bá fẹ́ jẹun. Àwọn kan ń fi ìtìjú gbé ìgò ìtọ̀ wọn fún mi, wọ́n á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n kí n tó ṣí i, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń fẹ́ mọ̀ ni ohun tí ẹni náà kò lè ṣe mọ́, tó sì ń wù ú láti padà sí.