Dáìsì Tó Ń Gbè Mí

Lójú bàbá mi, iṣẹ́ tí kò bá pariwo kì í ṣe iṣẹ́. Ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Bajulaiye ni wọ́n ti lo ayé wọn kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, láàárín ariwo tí kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Nígbà tí mo wá ń jókòó sí pálọ̀ wa ní Abúlé Òkúta, tí mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò sínú kọ̀ǹpútà, tí n kò pariwo, tí ọwọ́ mi ò dọ̀tí, wọ́n ti mọ ohun tí mò ń ṣe. Yàhúù ni, jìbìtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tó ń ṣe é gan-an wà ládùúgbò wa. Nígbà tí ìyẹn ra jíìpù, gbogbo wa la lọ kí i kú oríire, bàbá mi ló sì gbàdúrà sí mọ́tò náà. Èmi tí n kò tíì ra kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń fura sí.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, wọ́n dúró síwájú mi.

"Ohun tó ò ń tẹ̀ lójoojúmọ́ yìí, fi hàn mí. Tí mi ò bá rí iṣẹ́ gidi níbẹ̀, ẹ̀rọ yẹn á jáde nílé yìí lónìí, ìwọ náà á sì tẹ̀ lé e."

Ohun kan ṣoṣo tí mo tíì kọ ni eré dáìsì fún èèyàn méjì. Òfin rẹ̀ ò le. Ẹni àkọ́kọ́ á jù ú. Tó bá já sí márùn-ún tàbí mẹ́fà, ó borí, eré parí. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó kan ẹnì kejì.

"Ìwọ kọ́kọ́ jù ú, kí n wò ó," bàbá mi wí.

Mo tẹ bọ́tìnì, dáìsì já sí méjì. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ gàdàgbà: *O ti borí!* Mo tún un tẹ̀, ó já sí ení. *O ti borí!*

"Èmi ńkọ́? Ìgbà wo ló máa kàn mí?"

"Dádì, àṣìṣe ló wà níbẹ̀."

"Àṣìṣe wo ló máa ń gbe ẹni tó ṣe é? Ìyá wọn, ẹ wá wo jìbìtì lójúkojú!"

Mo bẹ̀bẹ̀ títí. Wọ́n ní kí n tún un ṣe kí àwọn tó jẹun tán. Ẹ̀rù bà mí gan-an, mo ti ń ro ilé ọ̀rẹ́ tí mo máa sá lọ. Mo ka kóòdù mi, ìyẹn àṣẹ tí mo kọ fún kọ̀ǹpútà, lákàtúnkà: tí dáìsì bá jẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà. Kí ló wá burú níbẹ̀?

Màmá mi nahùn láti kíṣìnnì. "Dádì, ẹ̀bà lẹ máa jẹ ni àbí ìrẹsì?"

"Ẹn," bàbá mi dáhùn tìbínú-tìbínú.

"Ẹn èwo?"

"Mo ní ẹn!"

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe náà nìyẹn. Ó wo dáìsì bóyá ó jẹ́ márùn-ún, kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó wá kan "tàbí mẹ́fà". Mẹ́fà wo? N kò sọ fún un pé dáìsì náà ni kó tún fi wé e. Nọ́ńbà tó bá ti dá dúró, tí kò bá ṣáà ti jẹ́ òdo, "bẹ́ẹ̀ ni" ló jẹ́ létí kọ̀ǹpútà, ló bá ní bẹ́ẹ̀ ni. Tá a bá gé ọ̀rọ̀ kúrú fún èèyàn, á bá wa parí ẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í báni parí ọ̀rọ̀. Mo tún un kọ: tí dáìsì bá jẹ́ márùn-ún, tàbí tí dáìsì bá jẹ́ mẹ́fà.

Bàbá mi dé, wọ́n ń nu ọwọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, ó já sí mẹ́ta. *Ó kan ẹnì kejì.* Wọ́n na ìka kan sí bọ́tìnì bí ẹni pé ó máa gé wọn jẹ. Mẹ́fà! *O ti borí!*

"Ta ló ń pè ní 'o'?"

Mo yára sọ ọ́ di "ẹ". A tún jù ú, mo pàdánù. A tún jù ú, mo tún pàdánù. Bí mo ṣe ń fìdí rẹmi ni ojú bàbá mi ń rọ̀. Wọ́n nawọ́ sí mi, wọ́n ké sí ayálégbé wa tó ń kọjá lójú fèrèsé.

"Ẹ wò ó, ọmọ mi ò mọ jìbìtì ṣe! Ohun tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ló ń nà án!"

Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. N kò tíì gbọ́ kí wọ́n fi mí yangàn rí.

Nígbà tí ayálégbé náà lọ tán, wọ́n fa àga wọn sún mọ́ mi, wọ́n sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń bọ̀ lọ́la. Àṣìṣe àárọ̀ yẹn, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ? Dá a padà síbẹ̀. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ jù ú."